Ìdí tí ibi ìrántí ogun Milwaukee fi dà bíi pé ó léfòó

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ní ti ibi ìrántí ogun ìlú Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bèèrè ìdí tó fi dà bí ilé tó léfòó létí adágún Michigan: Eero Saarinen, ayàwòrán ilé, ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1957. Ó gbé ilé náà lé orí òpó, apá rẹ̀ nà sójú òfuurufú, kí ẹni tó ń bọ̀ láti ìgboro lè máa rí omi láti àgbàlá abẹ́ rẹ̀. Àgbàlá yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù: adágún kékeré àfọwọ́ṣe wà láàárín rẹ̀, orúkọ àwọn tó bógun lọ sì wà lára òkúta tó yí i ká. Edmund Lewandowski, oníṣẹ́ ọnà, ló fi wóró gíláàsì àti mábù to nọ́ńbà àwọn ọdún ogun àgbáyé kejì àti ti Kòríà sára ògiri iwájú ilé náà.