Ẹ́ńjìnnì Tó Nọ́ọ̀kì: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ohun Tó Pa Á

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi. Ẹ ní alùpùpù 125cc yín ń dún kó-kó-kó nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kó tó gan pa, mẹkáníìkì ní kẹ́ ẹ lọ ra odindi ẹ́ńjìnnì míì, bẹ́ẹ̀ owó ò sí. Ẹ má tíì rà á. Ẹ má tiẹ̀ tíì ra páàtì kankan.

Ojú mi ti rí i rí. Wọ́n bá mi pààrọ̀ kọnẹ́tìn-ròdù, ìyẹn apá irin tó so písítìn tó ń lọ sókè sódò mọ́ kíráńkì tó ń yí nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń lọ geere, kò pẹ́ kò jìnnà ni ariwo ọ̀hún tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tá a tún un tú la tó rí i pé asẹ́ tí póòǹpù fi ń fa ọ́ìlì ti kún fọ́fọ́ fún ẹ̀rúnrún irin. Ti ròdù àkọ́kọ́ ni. Kò sẹ́ni tó yọ asẹ́ yẹn wò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ròdù tuntun, bíárìn tuntun, òùngbẹ ọ́ìlì ló pa wọ́n. Ó dùn mí wọra, torí owó tí mo yá ni mo fi rà wọ́n.

Nítorí náà, ẹ da ọ́ìlì inú ẹ̀ sínú abọ́ funfun, kẹ́ ẹ gbé e sójú oòrùn. Tó bá kàn ń dán yinrinyinrin, tí ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n lára, ó lè jẹ́ irin tó ń jẹ ara wọn lójoojúmọ́ ni. Èyí tí èékánná bá lè gbé, nǹkan ti fọ́ nìyẹn. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án: èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ara ròdù, bíárìn tàbí gíà ló ti wá, èyí tí kò lẹ̀, tó sì funfun, alumíníọ̀mù ni, ẹ lọ wo písítìn.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣí orí ẹ́ńjìnnì àti sílíńdà tí písítìn ń rìn nínú ẹ̀, ẹ yí kíráńkì kí ròdù gòkè tán, ẹ dì í mú, ẹ fà á sókè, ẹ tì í sísàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Kó máa rìn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀ gbowó lọ́wọ́ yín. Tó bá ń mì sókè sódò, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kówó lé. Tí kíráńkì fúnra ẹ̀ ò bá bàjẹ́, ròdù, píìnì tó so ó mọ́ kíráńkì àti bíárìn nìkan lẹ máa rà. Àmọ́ ẹ má gbà kí wọ́n fi òòlù tò ó pọ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n á sì fi géèjì wo kíráńkì bóyá ó ń yí déédéé. Tó bá wọ́ díẹ̀ báyìí, bíárìn ẹ̀gbẹ́ ló máa jìyà ẹ̀.

Fífọ̀ ò ná yín ju kẹrosíìnì lọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Asẹ́, póòǹpù, gbogbo ihò ọ́ìlì, ẹ fọ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí wọn títí ohun tó ń jáde á fi mọ́. Àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré kan ní ife kan tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàṣì, inú ẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń dì sí. Ẹ ṣí i o! Àwọn tó ń kánjú kì í ṣí i.

Tí inú sílíńdà bá ti họ débi tí èékánná ń kọ́ ọ, wọ́n lè gbẹ́ ẹ fún písítìn tó fi 0.25 tàbí 0.50 mílímítà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ mú písítìn tuntun dání lọ bá ẹni tó máa gbẹ́ ẹ, òun ni kó wọ̀n. Orí ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ yí i kí ojú fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí bẹntiróòlù ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, kọjú sókè, púlọ́ọ̀gì wà níbẹ̀, ẹ bu bẹntiróòlù sí i. Tí kò bá jò, ẹ fi fáàfù sílẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì àti kílíìpù píìnì písítìn nìkan ni mi ò ní gbà kẹ́ ẹ lo ti àtijọ́.

Ibi tí mẹkáníìkì yẹn ti lè jàre ni tí ilé ẹ́ńjìnnì bá ti sán, tàbí tí ihò tí bíárìn ń jókòó sí bá ti fẹ̀ débi tí bíárìn ń yí nínú ẹ̀. Tòkunbọ̀ ló kù nígbà yẹn. Kí wọ́n tú nọ́ọ̀tù ìdí ẹ̀ níṣojú yín, kẹ́ ẹ rí ọ́ìlì tó ń jáde kẹ́ ẹ tó sanwó.