Èsì: Ṣé ìtàn àti orin lè jọ wà nínú pọ́díkáàsìtì kan?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ìtàn àti orin yín lè jọ wà nínú pọ́díkáàsìtì kan, ìyẹn ètò tí a ń gbọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe dáadáa, àmọ́ ẹ má fi orin ìbẹ̀rẹ̀ gígùn lé olùgbọ́ lọ. Ibi tí ìtàn ti gbóná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìkíni lè tẹ̀lé e. Tí orin kì í bá ṣe tiyín, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ni àwo rẹ̀, ìyẹn ohùn orin náà tí wọ́n gbà sílẹ̀; ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni (ibẹ̀ ló ti ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì). Ní ti bí ohùn ṣe máa lọ sókè tó, -16 LUFS ni Apple dábàá fún pọ́díkáàsìtì (LUFS ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó létí). Ní ti bí ẹ ṣe máa rí olùgbọ́, lójú tèmi, àlejò tí ẹ bá pè sórí ètò ló ń mú wọn wá jù. Ẹ gé ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yín, kí àlejò náà fi sójú òpó tirẹ̀, kí ẹ sì fi líǹkì orin rẹ̀ sábẹ́ ètò.