Èsì: Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ìyá ẹlẹ́ja

Ẹ kú iṣẹ́, Alàgbà. Ẹ bèèrè bóyá ìwàásù ni kí ìgbìmọ̀ ìjọ yín fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí owó èlé, tàbí ẹ̀rí àwọn ìyá ẹlẹ́ja tí owó èlé ti há mọ́ ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rí wọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Nehemáyà ṣe ní orí 5: ó gbọ́ igbe àwọn tó ti fi oko àti ilé wọn dógò nítorí oúnjẹ, ó ro ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀, kí ó tó dojú kọ àwọn ọlọ́lá tó ń gba èlé, tí ó sì mú wọn búra níwájú àwọn àlùfáà. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò ní sọ fún yín pé agbowó èlé ti máa ń dé kí ẹja tó tà. Ẹni tó ń sá fún un ló mọ̀ ọ́n.

Kìkì pé kí ẹ gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó ni ìtàn kí ẹ tó sọ ọ́ lórí pẹpẹ, nítorí ayánilówó náà lè wà ní ìjókòó iwájú.

Bí Mùsùlùmí bá wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹ pe áfáà mọ́ra. Súrátù Bákárà, áyà 280, ní kí a fún onígbèsè tí ara ń ni ní àkókò títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn.