Ẹ jẹ́ kí imú kọ́kọ́ dájọ́ cigar kí iná tó kàn án

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní àna yín ti Dubai dé, ó sì gbé àpótí cigar kan (tábà tí wọ́n fi ewé tábà ká, tí a ń mu) fún yín. Mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ Cuba sí i lára. Ẹ ń bèèrè bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ojúlówó ni, àti bí èèyàn ṣe ń tọ́ ọ wò títí yóò fi lè sọ pé èyí dára, èyí kò dára. Ẹnìkan ti dá yín lóhùn pé kí ẹ wo eérú: tó bá ti funfun, kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n. Èròjà tó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n gbin tábà náà sí ló ń pa àwọ̀ eérú dà. Mo ti mu eléérú funfun tó korò bí ewúro tí a ò fọ̀, mo sì ti mu eléérú dúdú tí n kò fẹ́ kó tán.

Ohun kan ṣoṣo tí eérú lè sọ fún yín ni bóyá odidi ewé gígùn ni wọ́n ká sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ odidi ewé, eérú á di ara rẹ̀ mú, á gùn tó oríkèé ìka kan kó tó já. Bó bá jẹ́ èérún tábà, á máa dà sí yín lẹ́sẹ̀ bí èlùbọ́.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń mu ún níbí ní Ọ̀yọ́, ẹyọ kan lóṣù. Owó gidi ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èkó ni mo ti ra àpótí àkọ́kọ́. Wọ́n kọ Cohiba, orúkọ irú cigar Cuba kan, sí i, gíláàsì ni ìdérí rẹ̀, cigar 25 sì tò sínú rẹ̀ rẹ̀rẹ̀. Ó wù mí débi pé mo gbé e sórí tábìlì pálọ̀ kí àlejò lè rí i. Ìgbà tí mo mu ìkẹta tí ọ̀fun mi ń ta ni mo tó wádìí, tí mo wá mọ̀ pé Cohiba tí Cuba ti ń ṣe láti 1966 kì í wọ àpótí onígíláàsì. Mo mú abẹ, mo la ọ̀kan nínú wọn láti orí dé ìdí. Èérún tábà ni, pẹ̀lú egungun ewé tó le bí ọwọ̀, àti nǹkan kan tó dà bí bébà. Owó oṣù mi kan ló bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo àpótí yín. Bó bá jẹ́ onígi, òǹtẹ̀ ìjọba Cuba yẹ kó wà níwájú rẹ̀ lápá òsì, aláwọ̀ ewé àti funfun. Láti 1912 ni òǹtẹ̀ yẹn ti wà, àmọ́ láti 2010 ni wọ́n ti fi hologram tó ń dán àti bákóòdù sí i. Ẹ dojú àpótí délẹ̀: “Hecho en Cuba” (Cuba ni wọ́n ti ṣe é) yẹ kó jẹ́ irin gbígbóná ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ wọnú igi, kí ìka yín lè mọ̀ ọ́n lára. “Totalmente a mano” náà á wà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣe ayédèrú cigar lè ṣe ayédèrú òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ lè ta yín lólobó, kò lè parí ẹjọ́. Imú yín ló kù.

Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi ní imú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀kọ́ ni. Apá Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, aáṣáà ni wọ́n ń lọ̀ tà. Kí wọ́n tó fi kánún sí tábà, wọ́n á gbé ewé náà sí imú, wọ́n á ní “èyí ò tíì sinmi,” wọ́n á sì dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Ewé tí kò tíì sinmi máa ń rùn bí ìtọ̀ ewúrẹ́ nínú ọgbà tí wọn ò gbá. Òórùn yẹn gan-an ni mo bá nínú cigar tí wọ́n kánjú tà. Ní Cuba, ní Nicaragua, ní Dominican Republic, wọ́n á so ewé rọ̀ sínú ahéré, atẹ́gùn ni yóò gbẹ ẹ́ fún bí oṣù méjì títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o jọ gègèrè, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i, á wá máa gbóná láti inú ara rẹ̀ láìsí iná, bí irú tí wọ́n bò sínú igbá ṣe ń gbóná. Bó bá fẹ́ gbóná jù, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un kó. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń ṣe èyí, nígbà mìíràn ó máa ń ju ọdún kan lọ. Ibẹ̀ ni òórùn ìtọ̀ yẹn ti ń jáde lọ. Ẹni tó bá yọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan kúrò níbẹ̀ nítorí owó, imú á mú un.

Tábà tí àwọn bàbá wa ní Òkè-Ògùn ń gbìn fún ilé iṣẹ́ sìgá yàtọ̀. Ìyẹn, iná ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, á pọ́n bí ọsàn, ṣúgà rẹ̀ á sì kù sínú ewé. Èéfín rẹ̀ kan díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fà á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ti cigar kò rí bẹ́ẹ̀, inú ẹnu lásán ni ara ti ń gba nikotíìnì rẹ̀. Èmi tí mo ti ń mu sìgá tẹ́lẹ̀ kò mọ èyí, mo gbé èéfín mì pẹ̀lú inú òfìfo. Òógùn bò mí, ilẹ̀ ń yí, mo bì lẹ́yìn ilé títí ìyàwó mi fi po omi ṣúgà fún mi. Ẹ jẹun kí ẹ tó mu ún, ẹ má sì gbé e mì.

Ẹ tún ní ọ̀tá méjì, àgàgà tó jẹ́ pé ọyẹ́ ti dé. Ọ̀rinrin tí cigar fẹ́ jẹ́ 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọyẹ́ ọdún àkọ́kọ́ mi la ewé òde gbogbo cigar mi, wọ́n sán bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi òrí pa á. N kò ra àpótí olówó ńlá lẹ́yìn ìyẹn. Kúlà oúnjẹ tí ìdérí rẹ̀ dé dáadáa ni mo ń lò, pẹ̀lú Boveda 65, àpò kékeré tó ń mú kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ dúró sí 65. Bí òjò bá sì dé, kòkòrò tábà ni. Ẹyin rẹ̀ lè wà nínú ewé láti oko, ooru tiwa níbí ló ń mú kó pa di kòkòrò. Mo ṣí kúlà lóṣù keje ọdún kan, mo bá ihò kéékèèké lára cigar méje bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún wọn. Fìríìsà ló lè run ẹyin yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, àmọ́ iná NẸ́PÀ kì í dúró ọjọ́ mẹ́ta ládùúgbò wa. Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja tútù tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń gbé e lọ, nínú ike tó dé pinpin, pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù méjì kí òórùn ẹja má baà kàn án. Bí ẹ bá mú un jáde, ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú fíríìjì fún ọjọ́ kan kó tó bọ́ sínú ooru, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ewé òde á là.

Ó wá kan títọ́ ọ wò. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka méjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí (ibi tí a ń tan iná sí) dé orí (ibi tí ẹnu ti ń fà á). Kó fún yín láyè, kó sì padà sípò. Ibi tó bá le bí kókó, èéfín ò ní gbabẹ̀ kọjá. Ibi tó bá rọ̀ jù, iná á sáré níbẹ̀. Ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀. Ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, ẹ má gé kọjá ibi tí fìlà ewé náà (ewé kékeré tí wọ́n fi bo orí rẹ̀) parí sí, nítorí ìtú ni yóò tú. Ẹ wá fà á láìtan iná. Atẹ́gùn tí ẹ bá fà yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀lé jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí iná kò tíì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ayédèrú mi ti Èkó yẹn, òórùn páálí ni wọ́n ní. Bí mo bá mọ̀ ni, n kì bá ti tan ìkejì.

Ìṣáná ni kí ẹ fi tàn án, kí imí-ọjọ́ (sulphur) orí rẹ̀ sì kọ́kọ́ jó tán. Ẹ má lo àbẹ́là. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn ọbẹ̀ ata, ẹ má sì jẹ obì ṣáájú, nítorí obì ń sọ omi lásán di dídùn lẹ́nu, á ṣe cigar bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ pín in sí mẹ́ta lọ́kàn yín: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, ìparí. Èyí tó dára máa ń yí padà. Èyí tí kò dára, ohun tó sọ níbẹ̀rẹ̀ ni yóò máa sọ, á kàn máa pariwo sí i títí yóò fi korò. Ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìdá kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú èéfín ẹnu gba imú jáde. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń dárúkọ awọ, igi kédárì, kòkó, ata dúdú. Ọdún méjì ni mo fi ń wá kédárì lẹ́nu mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i, nígbà tí n kò gbóòórùn rẹ̀ rí láyé mi? Àfìgbà tí mo ń ti Akẹ̀sán bọ̀ lọ́jọ́ kan, tí mo yà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ láti gba sálúbàtà. Tìmùtìmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wà nílẹ̀, òórùn awọ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ mi dúró. Ohun tí mo ti ń gbọ́ nínú cigar Nicaragua kan láti oṣù mélòó kan nìyẹn, tí n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ohun tí mo mọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀pà sísun tí èèpo rẹ̀ jóná díẹ̀, àgbàdo sísun, kòkó tí wọ́n sá, èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù, ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, atare nígbà tó bá gba imú. Ewé òde tó wá láti Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa níhìn-ín, ní kókó wínníwínní lára bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀pà dídùn ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má ya ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lò. Ohun tí ẹ kò bá gbóòórùn rẹ̀ rí, ẹ kò lè rí i.

Òrùka bébà tó wà lára cigar, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, náà máa ń tan ahọ́n jẹ. Ìyàwó mi ló ń bá mi bọ́ ọ, á fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sórí bébà funfun, á wé e mọ́ ọn. Ní oṣù mẹ́fà tí a kọ́kọ́ ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé olówó kékeré lé olówó ńlá lórí. Bákan náà, ọwọ́ èèyàn ló ká a, ọwọ́ sì lè ṣàṣìṣe, nítorí náà n kì í dájọ́ lórí ẹyọ kan. Méjì ni, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé kò léwu. Ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun, bí a kò tilẹ̀ gbé e mì. Ìta gbangba lẹ́yìn ilé ni mo ti ń mu ún, àwọn ọmọ kì í sì í sí nítòsí.

Fún mẹ́wàá yín: ẹ gbé wọn sínú kúlà lónìí, pẹ̀lú àpò ọ̀rinrin, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi abẹ la ọ̀kan, ẹ má káàánú rẹ̀, kí ẹ wò bóyá odidi ewé ló wà nínú. Ẹ wá mu ọ̀kan. Kí ẹ tó tàn án, ẹ kọ òórùn tí ẹ fà láìsí iná sílẹ̀, ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.