Kí ló dé tí olùgbàlà kì í sábà dé nínú ìtàn àwọn òǹkọ̀wé modernist, ìyẹn àwọn tó wá ọ̀nà tuntun láti kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún?

Ìrètí ò kú lọ́kàn wọn o, ìgbàgbọ́ pé ọjọ́ iwájú máa ṣáà dáa ju òní lọ ló mì, pàápàá lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918. Ẹ wo Franz Kafka, òǹkọ̀wé ará Prague tó ń fi èdè Jámánì kọ̀wé, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1917 pé ìgbà tí a ò bá nílò Mèsáyà mọ́ ló máa tó dé (ẹ tún un kà, ó jinlẹ̀ gan-an). Nínú ìtàn kékeré kan tó gbé jáde ní 1915, ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà Òfin títí tó fi darúgbó, ojú ẹ̀ ti ń ṣú, ó wá ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ń tàn jáde látẹnu ọ̀nà yẹn, síbẹ̀ kò wọlé. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa ń mú mi lọ́kàn jù.

Ti James Joyce, òǹkọ̀wé ará Ireland, yàtọ̀. Nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Ulysses (1922), wọ́n ń ju agolo bisikíìtì lu Bloom, ọmọ Júù tó ń wá ìpolówó fún ìwé ìròyìn, bó ṣe ń sá kúrò nílé ọtí kan ní Dublin, lójijì ló di Èlíjà tó ń gòkè re ọ̀run.