Ṣé sẹ́ńsọ̀ máa lé oorun ọ̀sán lọ ní ọ́fíìsì wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ọ́fíìsì ìṣirò owó la ní ní Ìbarà, Abẹ́òkúta níbí. Àwa 14 la wà nínú yàrá ńlá kan, éésì méjì ló ń tù ú. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, oorun á máa kun gbogbo wa, àṣìṣe á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ìwé. Ọkùnrin kan wá láti Èkó, ó ní òun máa sọ ọ́fíìsì wa di "smart": sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ ohun tó ń lọ láyìíká rẹ̀, lára iná, lára éésì, lára ilẹ̀kùn, títí kan èyí tó máa mọ ẹni tó wà lórí àga. Ó ní iṣẹ́ á yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó tó dá lé e ò kéré. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?
Ìyá oníléeṣẹ́, Ìbarà

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, Ìyá wa. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tí kò tiẹ̀ mẹ́nu bà ló ń fa oorun yín.

Ẹ wo éésì yín ná. Irú èyí tó gbòde, tí apá kan wà lára ògiri, tí èkejì ń pariwo níta, kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Gáàsì ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú páìpù tó so wọ́n pọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti wà nínú yàrá náà ló ń fà, tó ń tù, tó sì ń fẹ́ padà sí yín lára. A ó wá ti fèrèsé pa, a ó fa kọ́tìnì bò ó, kí otútù tí a fowó iná rà má bàa sá lọ. Èémí ara yín lẹ wá ń mí padà.

Ẹ̀yin lẹ ni ìṣirò, ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó jókòó ti iṣẹ́ ọ́fíìsì ń mí carbon dioxide, gáàsì tó ń bá èémí wa jáde, tó bíi lítà 18 síta ní wákàtí kan. Níta gbangba, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 420 nínú mílíọ̀nù kan. Ká ní yàrá yín jẹ́ mítà 7 sí 6, tí ó ga ní mítà 3, tí kò sí ihò kankan lára rẹ̀, ẹ̀yin 14 á ti gbé e kọjá 1,000 kí 20 ìṣẹ́jú tó pé. Abẹ́ ilẹ̀kùn ń fẹ́ díẹ̀, torí náà ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá 1,000, àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ò tó.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2015. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ 24 sí ọ́fíìsì kan ní Syracuse, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń yí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ padà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ mọ́, máàkì wọn nínú ìdánwò ìrònú àti ìpinnu fi ìdá 61 nínú 100 ju ti ọ́fíìsì lásán lọ. Nígbà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ tuntun kún un sí i, ó ju ìlọ́po méjì. Ènìyàn 24 ò pọ̀ o, mi ò sì ní búra pé akọ̀wé yín á di ìlọ́po méjì. Àmọ́ ẹ má tíì dá àmàlà láfún ọ̀sán nìkan lẹ́bi.

Nítorí náà, sẹ́ńsọ̀ tí mo fọwọ́ sí ni èyí tó ń wọn carbon dioxide, pẹ̀lú fáànù tó máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé nígbà tó bá ga jù. Kí asẹ́ wà lẹ́nu fáànù náà, torí eruku ọyẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tó kàn ń kọ nọ́ńbà sójú fóònù, tí kò sí ohun tó ń tẹ̀ lé e, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ooru náà ń jà. Àyẹ̀wò tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ ní 2006 fi hàn pé iṣẹ́ ọ́fíìsì dára jù ní nǹkan bí dígíríì 22, ó sì fi bí ìdá 9 nínú 100 lọ sílẹ̀ tó bá di 30. Fún àwa tí ara wa ti mọ́ ooru, 24 sí 26 ni mo máa ń ní kí wọ́n fi éésì sí. Tó bá jẹ́ abẹ́ páànù lẹ jókòó sí, tí kò sí nǹkan kan láàárín páànù àti sílìn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí. Kí rìmóòtù sì wà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó níbẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ éésì ń wọ súwẹ́tà, ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀: mo ti bá a bẹ́ẹ̀ ní yàrá kan náà.

Ti iná orí tábìlì ò le: lux 500 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ló tó fún ìwé kíkà.

Iná mànàmáná ńkọ́? Kódà ẹni tó wà ní Band A, wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún un. Láàárín ìgbà tí NEPA lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé e, kọ̀ǹpútà á kú, iṣẹ́ tí ẹnì kan ò tíì fi pamọ́ á lọ, ẹ̀rọ tó ń darí sẹ́ńsọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìnfátà tó gbé kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì nìkan á dá owó rẹ̀ padà fún yín ṣáájú sẹ́ńsọ̀ èyíkéyìí.

Èyí tí mi ò fara mọ́ rárá ni sẹ́ńsọ̀ orí àga. Ní The Edge, ilé ńlá kan ní Amsterdam tó ní sẹ́ńsọ̀ bí 28,000, ó nídìí tí wọ́n fi ń wá ẹni tó wà níbi tábìlì: òṣìṣẹ́ bí 2,500 ló ń pín tábìlì 1,000 lò. Ẹ̀yin 14, àga 14, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ìṣọ́ ló máa dà. Àga á gbóná, iṣẹ́ ò ní kúrò lójú kan. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà sì wà: ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ohun tí ẹ ń kó jọ nípa wọn àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ ka iye àṣìṣe inú ìwé láti aago kan sí mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, kí ẹ tún kà á. Ẹ fi ìwé náà han ọkùnrin yẹn, kí ó dá owó fáànù, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ àti ìnfátà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá ní àfi kí ẹ ra gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.