Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ń Wọn Gíga Ọmọ Kí Ó Tó Gun Roller Coaster?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Igbogbo, ní Ìkòròdú, ni mo ti ń kọ̀wé. Lásìkò ọdún Àjíǹde, a kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gun roller coaster, ìyẹn ọkọ̀ orí irin tó ń gun òkè tó sì ń fi eré sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méje, kò ga tó. Ó sunkún títí a fi délé. Bàbá wọn ní tí wọ́n bá gbà fún òun ni, òun ì bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí òun sì dì í mú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wọ bàtà onígìgísẹ̀ fún un tí a bá tún lọ nígbà Iléyá. Ṣé ewu wà níbẹ̀? Tí iná bá sì lọ nígbà tí wọ́n wà lókè ńkọ́? Ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń yí ọgbà po ńkọ́, ṣé ìyẹn dára fún un? — Ìyá ọlọ́mọ méjì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹni tó dá ọmọ yín padà yẹn ṣe yín lóore. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ bàtà gíga fún ọmọ. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí òbí tó bá mọ ohun tó ń di ọmọ rẹ̀ mú lórí ìjókòó kò ní bá òṣìṣẹ́ fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Ọ̀pọ̀ roller coaster ni kò ní ẹ́ńjìnnì nínú rárá. Ṣéènì ló máa ń wọ́ ọkọ̀ náà gun òkè àkọ́kọ́, èyí tó ga ju gbogbo ìyókù lọ. Tó bá ti kọjá ṣóńṣó ibẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń gbé e sáré. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, eré a máa pọ̀ sí i. Tó bá ń gun òkè mìíràn, eré a máa dín kù. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe ara ènìyàn níbẹ̀. Ọkọ̀ bá eré dé orí òkè kejì, irin ọ̀nà sì yí i sísàlẹ̀ lójijì. Ara ẹni tó jókòó ṣì ń lọ sókè ní tirẹ̀. Ìdí á gbéra kúrò lórí ìjókòó, inú á sì ṣe wàì. Adùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó fún nìyẹn. Ohun tó dá wọn padà sórí ìjókòó ni irin tí wọ́n fà wálẹ̀ sórí itan wọn.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ì bá fò kúrò lójú irin níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i. Wíìlì kan ń yí lórí irin, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkẹta sì wà lábẹ́ irin náà gan-an, tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ lè gbéra. John Miller, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí wíìlì ìsàlẹ̀ yìí ní 1919, òun ló sì jẹ́ kí àwọn òkè tó ga, tó sì dá gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ṣeé kọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọkọ̀ ló ń já mi láyà. Èrò inú rẹ̀ ni.

Irin orí itan yẹn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọn tó ṣe é rò ó pé ẹ̀yìn ẹni tó jókòó á kan ẹ̀yìn ìjókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹlẹ̀, itan rẹ̀ á sì nípọn tó kí irin lè mọ́ ọn. Gíga ni ohun tó rọrùn jù láti fi mọ̀ bóyá ara ọmọ ti dé ìwọ̀n yẹn. Ọjọ́ orí kò lè sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje méjì lè dúró ti ara wọn kí orí ọ̀kan má ju etí èkejì lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹsẹ̀ bàtà 4, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 122, ni wọ́n ń béèrè fún àwọn tó le. Àwọn tó kéré lè gba ọmọ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 tàbí 100, tí àgbàlagbà bá tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì àgbà fún ọmọdé, ẹ so ó dáadáa, kó wá já sómi, jákẹ́ẹ̀tì á yọ gba orí rẹ̀ lọ. Bàtà onígìgísẹ̀ lè tan ẹni tó mú ọ̀pá ìwọ̀n dání jẹ. Kò lè fi ohunkóhun kún itan ọmọ.

Ní ti bàbá wọn, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ọkọ̀ ti ń yí padà sókè, ara lè wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọmọ kílò 20 á di kílò 60 tàbí 80 lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, apá bàbá náà á sì wúwo bẹ́ẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé orí òkè mìíràn, ara ti fúyẹ́, ọmọ ti fẹ́ gbéra. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó ń yára tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó burú jù ni irin kan ṣoṣo tí ẹni méjì jọ ń lò. Tí bàbá tó sanra bá jókòó ti ọmọ tó tín-ín-rín, orí itan bàbá ni irin á dúró sí, àlàfo ńlá á sì ṣẹ́ kù lórí itan ọmọ. Torí náà, kódà tí ọmọ bá ti ga tó, ẹ yan ọkọ̀ tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní irin tirẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ fi ọwọ́ ara yín ti irin ọmọ sókè. Tó bá mì lọ mì bọ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́.

Àwọn òbí a máa bẹ̀rù ibi tí ọkọ̀ ti ń dorí kodò. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ibẹ̀, nítorí eré ọkọ̀ ń tẹ ara mọ́ ìjókòó lásìkò náà. Lóòótọ́, èyí tí wọ́n ṣe sí Coney Island ní Amẹ́ríkà ní 1895 dá ènìyàn lọ́rùn lóró, torí wọ́n ṣe é róbótó bí òrùka, ara sì ń wúwo lójijì. Ní 1976, wọ́n ṣí òmíràn ní California tó gùn sókè bí ẹ̀kán omi, ìyẹn ló sì di àwòkọ́ṣe.

Tí iná bá lọ ńkọ́? Ọkọ̀ tó wà lórí ṣéènì kò ní yí padà sẹ́yìn. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń há mọ́ eyín irin tó wà lójú ọ̀nà bó ṣe ń gòkè. Òun ló ń ró kọ́-kọ́-kọ́ tí ẹ ń gbọ́. Èyí tó ti kọjá ṣóńṣó kò nílò iná, á sáré dé ibi bíréèkì ni. Bíréèkì ọ̀hún, wọ́n ṣe é kó lè pa dé fúnra rẹ̀ tí iná tàbí atẹ́gùn tó ń ṣí i bá ti tán. Òmíràn sì ń lo òòfà, èyí tí kò fẹ́ iná rárá. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé tó bá há sókè, kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má gbìyànjú láti yọ ara rẹ̀ jáde.

Àwọn ohun ìgbafẹ́ tí wọ́n ń gbé wá tò sórí pápá nígbà ọdún, ojú tí mo fi ń wò wọ́n yàtọ̀. Lẹ́yìn òjò, ẹ wo ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bóyá ó ń rì. Ẹ wo àwọn píìnì tó so irin pọ̀: kílíìpù gidi ló yẹ kó wà lẹ́nu wọn. Tó bá jẹ́ wáyà tàbí ìṣó ni wọ́n fi há a, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀, kódà tí ẹ ti sanwó.

Aboyún, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, àti ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Ọmọ tó bá sì ní òun kò fẹ́ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fi ipá mú un.

Kí ẹ tó kúrò nílé nígbà Iléyá, ẹ wọn àbúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìwọ bàtà, kí ẹ pe ọgbà náà láti béèrè ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Tí kò bá tó, ẹ sọ fún un kí ẹ tó wọ mọ́tò. Ẹkún ilé sàn ju ẹkún ẹnu ọ̀nà lọ.

Ọkọ̀ ojú irin kékeré dára fún un, torí kì í sáré. Ibi tí ọmọ ti ń fara pa níbẹ̀ ni kó na ẹsẹ̀ síta, tàbí kó bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, pàápàá láàárín ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀. Ẹ fi ọmọ sí inú, kí ẹ̀yin jókòó sí ìhà ẹnu ọ̀nà. Aṣọ ọdún náà ń fẹ́ àmójútó: etí agbádá, ìborùn àti híjáàbù gígùn lè wọ inú wíìlì. Ẹ bọ́ agbádá ọmọ, ẹ ká etí aṣọ tiyín sórí itan, ẹ sì gbá a mú títí ọkọ̀ á fi dúró pátápátá.